'Vulnerarius': Ìtumọ̀ àti Orírun Ọ̀rọ̀ Látìnì kan tó Jẹ Mọ́ Ìwòsàn Ọgbẹ́

Nínú àwọn ìwé ewéko àti ìwé ìṣègùn tí a kọ ní ilẹ̀ Yúróòpù láàárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún sí ìkọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan wọ́pọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn orúkọ ewé, orúkọ ìpara àti orúkọ àgbo, débi pé bí òǹkàwé bá ti rí i ni yóò ti mọ̀ pé ọgbẹ́ ni a ń fi nǹkan náà wò. Ọ̀rọ̀ yìí ni 'vulnerarius' nínú èdè Látìnì, tí àwọn Faransé sọ di 'vulnéraire', tí àwọn ará Ítálì àti Sípéènì sọ di 'vulnerario', tí ó sì wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún gẹ́gẹ́ bí 'vulnerary'. Lóde òní, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ewé nìkan, nítorí pé dókítà tí ó gboyè lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi fẹ̀yìn tì láìpe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìhun ọ̀rọ̀ náà, orírun rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ wò. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé nínú ìtàn rẹ̀ tí ó lọ sẹ́yìn jù lọ, ènìyàn ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí kí ewé tó gbà á, àti pé ogun ni ó ń gbé e kiri láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́-abẹ dé ara ewé, àti láti ara ewé dé inú ìgò oògùn.

Ìhun ọ̀rọ̀ náà

Mọ́fíìmù méjì ni ó so pọ̀ di 'vulnerarius'. Èkíní ni 'vulnus', ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọgbẹ́, tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń kọ ní 'volnus' kí fáwẹ́lì rẹ̀ tó yí padà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wà ní ipò oní-nǹkan nínú gbólóhùn, 'vulneris' ni ó ń dà, nítorí pé ìró /s/ tí ó bá bọ́ sáàárín fáwẹ́lì méjì nínú Látìnì ìgbà ìwáṣẹ̀ máa ń di /r/, òfin kan náà tí ó sọ 'genus', tí í ṣe ìran tàbí ẹ̀yà, di 'generis'. Ìdí nìyí tí /r/ fi wà láàárín 'vulnerarius' bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí /r/ kankan nínú 'vulnus' fúnra rẹ̀. Mọ́fíìmù kejì ni àfòmọ́ ìparí '-arius', tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ iṣẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'oní-' nínú èdè Yorùbá gan-an: 'argentum' ni fàdákà, 'argentarius' sì ni ẹni tí ó ń ṣẹ́ owó tí ó sì ń yáni lówó, 'liber' ni ìwé, 'librarius' sì ni adàwékọ. Àwọn òkúta ibojì ilẹ̀ Róòmù kún fún irú orúkọ iṣẹ́ báyìí, ó sì hàn lára wọn pé àwọn oníṣègùn ibẹ̀ a máa pín iṣẹ́ ṣe, torí pé 'medicus ocularius' wà fún ojú, 'medicus auricularius' sì wà fún etí. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà yìí tààrà, 'vulnerarius' yóò jẹ́ 'ọlọ́gbẹ́'.

Yorùbá kò lè gba ìtumọ̀ tààrà yẹn wọlé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọgbẹ́ wà lára rẹ̀ ni à ń pè ní ọlọ́gbẹ́, kì í ṣe ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ìṣòro náà kò sì ti ọ̀dọ̀ Yorùbá nìkan wá. Kò sí mọ́fíìmù kankan nínú ọ̀rọ̀ Látìnì náà tí ó dárúkọ ìwòsàn; 'sanare', ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n ní fún wíwo nǹkan sàn, kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni 'mederi', tí 'medicus' ti jáde, kò sí níbẹ̀. Ìlò ni ó fi ìwòsàn sí i. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní rí èyí bí ohun àjèjì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe ń sọ pé 'àgbo ibà' àti 'oògùn ikọ́', tí kò sì sí ẹni tí yóò rò pé ibà ni àgbo náà ń fà tàbí pé ikọ́ ni oògùn náà ń dá síni lára.

Àwọn onímọ̀ nípa ìtàn èdè tọ 'vulnus' lọ sẹ́yìn kọjá Látìnì, wọ́n sì gbà pé ó hù láti ara gbòǹgbò kan tí wọ́n ń kọ ní '*welh-', tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ lílù tàbí kíkọlù. Ìràwọ̀ tí ó ṣáájú gbòǹgbò náà ń sọ fún òǹkàwé pé kò sí ibi tí a ti rí i kọ sílẹ̀, àti pé ìfiwéra àwọn èdè tí ó jẹ́ ọmọ ìyá ni a fi tún un kọ́. Lára àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni 'walh-', tí ó túmọ̀ sí kíkọlù nínú èdè Hítáìtì, èdè tí wọ́n sọ ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn. 'Gweli', tí í ṣe ọgbẹ́ nínú èdè Wélíìsì títí di òní. Àti 'oulē' nínú èdè Gíríìkì, tí òun kò túmọ̀ sí ọgbẹ́ mọ́, tí ó ti di àpá. Èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí yẹ ní àkíyèsí. Látìnì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ojú ibi tí ohun ìjà ti ba ara, Gíríìkì sì gbé e lọ sí ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti jinná tí ó ku àmì nìkan, àmì tí àwọn àgbà Yorùbá ti sọ pé ojú rẹ̀ kì í jọ ojú ara. Láti ara 'oulē' ni àwọn oníṣègùn Gíríìkì ti fa 'epoulōtikon' yọ, ìyẹn oògùn tí ń mú kí awọ bo ojú ọgbẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí oògùn ọgbẹ́ ní Róòmù àti èyí tí ó túmọ̀ sí oògùn àpá ní ilẹ̀ Gíríìsì jẹ́ ìbátan nígbà náà, bí wọn kò tilẹ̀ jọra lójú.

Ó tún yẹ kí a ya 'vulnus' sọ́tọ̀ kúrò lára 'ulcus'. 'Vulnus' ni ohun tí ọ̀kọ̀, idà, ọfà tàbí eyín ẹranko dá sí ara, ohun tí ó ti òde wá lójijì. 'Ulcus' ni ojú tí ó là lára tí ó ń ṣọyún tí ó sì ń pẹ́, ìbáà jẹ́ pé inú ara ni ó ti jáde tàbí pé ọgbẹ́ tí a kò tọ́jú ni ó dà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti rọrùn jù lọ láti rí ni Ìhìnrere Lúùkù nínú Bíbélì Látìnì tí Jerome ṣe ní òpin ọ̀rúndún kẹrin: ọkùnrin tí àwọn olè lù lọ́nà Jẹ́ríkò ní 'vulnera', tí ará Samáríà da òróró àti wáìnì sí, ṣùgbọ́n 'ulcera' ni ó kún ara Lásárù alágbe tí àwọn ajá ń wá lá. Yorùbá ní ìpín tí ó jọ èyí, nítorí pé ọgbẹ́ ni àdá ń dá síni lára, egbò sì ni ohun tí ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Síbẹ̀ ààlà àárín wọn kò le tó ti Látìnì: ẹni tí ọ̀bẹ gé lọ́wọ́ lánàá lè sọ lónìí pé egbò ọwọ́ òun ń ta òun, àrùn tí Látìnì sì pè ní 'ulcus' nígbà tí ó bá wà nínú ikùn, 'ọgbẹ́ inú' ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Ohun tí ó ṣe pàtàkì níhìn-ín ni pé ọgbẹ́ ni 'vulnerarius' bá tan.

Archagathus, ẹni tí ìlú sọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì

Ìtàn tí ó ṣe kókó jù lọ nípa ọ̀rọ̀ náà wà nínú 'Naturalis Historia', ìwé ńlá oní-ìpín 37 tí Pliny Àgbà fi ta Titus, ọmọ ọba Vespasian, lọ́rẹ ní ọdún 77 lẹ́yìn ìbí Kristi, ọdún méjì kí òkè Vesuvius tó bú tí Pliny fúnra rẹ̀ sì bá a lọ. Ní ìpín 29, ó tọ́ka sí Cassius Hemina, òǹkọ̀tàn tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú Kristi, pé oníṣègùn Gíríìkì àkọ́kọ́ tí ó wá sí Róòmù ni Archagathus ọmọ Lysanias, tí ó ti Peloponnese wá ní ọdún 219 ṣáájú Kristi. Ìlú gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú, wọ́n sì fi owó ìlú ra ìsọ̀ fún un ní oríta Acilius kí ó lè máa tọ́jú àwọn ènìyàn níbẹ̀, 'vulnerarius' sì ni wọ́n ń pè é nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọwọ́ líle rẹ̀ nínú gígé ara àti jíjó ara fi sọ orúkọ náà di 'carnifex', orúkọ ẹni tí ìjọba ń lò láti dá ẹlẹ́ṣẹ̀ lóró àti láti pa á. Bí a bá ń wá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ààfin Ọ̀yọ́, tẹ̀tú ni. Pliny fi kún un pé ìkórìíra náà kò mọ sórí ọkùnrin yìí, pé iṣẹ́ ìṣègùn lápapọ̀ àti gbogbo oníṣègùn ni ó sú àwọn ará Róòmù.

Ìtàn yìí gba ìfura díẹ̀, nítorí pé Pliny kò fẹ́ràn àwọn oníṣègùn Gíríìkì, kò sì fi í pa mọ́. Síbẹ̀ ọdún tí ó dárúkọ kò ṣeé fojú fò. Ọdún 218 ṣáájú Kristi ni Hannibal kó ogun Carthage gba orí òkè Alps wọ Ítálì, ó sì nira láti má rí i pé ìlú tí ogun rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí ni ó fi owó gbogboogbò ra ìsọ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ nípa ọgbẹ́. Jíjó ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú irin gbígbóná, tí ó ba orúkọ Archagathus jẹ́, jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn Gíríìkì ń gbà dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kì í sì í ṣe ìwà ìkà lójú wọn. Orúkọ iṣẹ́ kò yí padà nítorí pé iṣẹ́ náà yí padà. Ìrora àwọn tí a ń tọ́jú ni ó yí i.

Lẹ́yìn ìtàn yìí ni Pliny mú ẹ̀rí Cato Àgbà wọlé, ẹni tí ó kú ní ọdún 149 ṣáájú Kristi, tí ó sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó jìnnà sí oníṣègùn Gíríìkì. Ìwé Cato lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣì wà, oògùn tí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ nínú rẹ̀ ni kábéèjì, tí ó ní kí a gún kí a sì fi lé ọgbẹ́ àti ara wíwú. Ní ti eegun tí ó bá yẹ̀, ó ní kí a la esùsú sí méjì, kí ènìyàn méjì mú un, kí a máa pe ọfọ̀ lé e títí tí ẹ̀là méjèèjì yóò fi pàdé, kí a tó dì í mọ́ ibi tí ó yẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń fi ohùn pe ewé kí ó tó jà yóò rí i pé Cato kò jìnnà sílé.

Celsus, tí ó kọ 'De Medicina' ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi, kò bá Cato tàbí Archagathus jà. Ó to àwọn ohun tí ń lẹ ojú ọgbẹ́ pọ̀ sílẹ̀, lára wọn ni òjíá, tùràrí, funfun ẹyin, oyin sísè, ìgbín tí a gún pẹ̀lú ìkarahun rẹ̀, àti okùn aláǹtakùn bí ọgbẹ́ náà kò bá jinlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlẹ̀mọ́ tí a ń fi sórí ọgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn lójú rẹ̀, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní 'enaima', nítorí pé 'haima' ni ẹ̀jẹ̀, ó sì ní èyí tí ó dára jù nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní 'barbarum', tí ìpẹtà bàbà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, oje igi, òróró àti ọtí kíkan. Galen tẹ̀lé e. Ní ọdún 157 ni ó di oníṣègùn àwọn ajàfúnìran ní Pergamon, ó sì fi ìṣọ́ra tọ́jú ọgbẹ́ idà àti ti ọ̀kọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, oògùn ọgbẹ́ pín sí èyí tí ń lẹ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ méjèèjì pọ̀, èyí tí ń mú ẹran tuntun hù, àti 'epoulōtikon' tí ń mú awọ bò ó. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé Látìnì ìgbà ìkẹyìn wá ń lo 'vulnerarius' fún oògùn, gbogbo ìpín wọ̀nyí ni wọ́n kó sábẹ́ rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àǹfààní rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ọ̀rọ̀ tí ó bo gbogbo nǹkan kò sọ èwo ni ewé kan ń ṣe gan-an.

Àwọn ewé tí orúkọ wọn jẹ́ iṣẹ́ wọn

Ewé tí ó lókìkí jù lọ nínú ìtàn ọgbẹ́ ni 'Achillea millefolium', tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara Achilles, akọni ogun Troy. Pliny sọ pé Achilles, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Chiron, ni ó ṣàwárí ewé tí ó fi wo Telephus sàn, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀kọ̀ gún. Pliny kò fi ìtàn náà mọ síbẹ̀. Ó ní àwọn mìíràn sọ pé ìpẹtà ni Achilles kọ́kọ́ ṣàwárí, àti pé ìdí nìyí tí àwọn ayàwòrán fi ń yà á bí ẹni tí ń fi idà ha ìpẹtà orí ọ̀kọ̀ sínú ọgbẹ́ Telephus. Bí a bá rántí ìpẹtà bàbà tí ó wà nínú 'barbarum' ti Celsus, ìtàn àròsọ náà yóò dà bí ìrántí oògùn gidi, nítorí pé bàbà a máa pa kòkòrò àìfojúrí.

Àwọn ewé mìíràn kò ní akọni tí yóò ya orúkọ fún wọn, iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ. 'Consolida' wá láti ara 'consolidare', tí í ṣe kí a so nǹkan pọ̀ kí ó le. 'Solidago' wá láti ara 'solidare', tí kò jìnnà sí i. 'Sanicula' tọ́ka sí 'sanare'. 'Symphytum' sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ohun méjì tí ó dàgbà pọ̀ di ọ̀kan. Ìlànà ìsọlórúkọ yìí yẹ kí ó yé àwọn onímọ̀ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé Pierre Fatumbi Verger, nínú ìwé rẹ̀ 'Ewé' tí ó jáde ní ọdún 1995, fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ oògùn Yorùbá, orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó wà nínú ọfọ̀ rẹ̀ a máa pín sílébù kan náà lò, débi pé pípe ewé náà lórúkọ ti jẹ́ pípàṣẹ iṣẹ́ fún un. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lójú Yorùbá, orúkọ náà ní agbára. Lójú àwọn onímọ̀ ewéko Yúróòpù, ó kàn jẹ́ ìránnilétí fún ẹni tí ń pò ó.

Ewé tí ó wá jogún ọ̀rọ̀ wa yìí gan-an jẹ́ ewé kékeré olódòdó pupa rúsúrúsú, ìbátan ẹ̀wà, tí ó ń hù ní ilẹ̀ ẹfun àti ní orí òkè jákèjádò Yúróòpù. 'Vulneraria' ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é kí Linnaeus tó fún un ní orúkọ 'Anthyllis vulneraria' nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1753. Àwọn ará Jámánì sì ń pè é ní 'Wundklee', níbi tí 'Wunde' ti jẹ́ ọgbẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ó jẹ́ ti oníṣẹ́-abẹ ní ọdún 219 ṣáájú Kristi di ti ewé pátápátá, Archagathus sì di ẹni ìgbàgbé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Gerard sọ nínú ìwé ewéko rẹ̀ ti ọdún 1597 nípa òtòṣì kan ní Kent, tí dòjé gé lẹ́sẹ̀ dé eegun níbi tí ó ti ń ká ẹ̀wà, tí ó rá lọ bá ewé kan, tí ó fọwọ́ rún un, tí ó sì fi àkísà ẹ̀wù rẹ̀ dì í mọ́ ojú ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́ títí ara rẹ̀ fi yá. Gerard, ẹni tí iṣẹ́ abẹ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ti kọ́kọ́ fẹ́ tọ́jú ọkùnrin náà lọ́fẹ̀ẹ́, onítọ̀hún sì kọ̀ ọ́. Gerard fi orúkọ ará oko sọ ewé náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní 'Stachys palustris' lónìí. Ó jọ pé oníṣẹ́-abẹ náà mọ̀ pé òun ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ aláìmọ̀wé, ó sì fi hàn nínú orúkọ tí ó yàn.

Ìbọn, àgbo àti ìgò

Ìbọn ni ó sọ 'vulnerarius' di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ọgbẹ́ ìbọn kò jọ ti idà, nítorí pé ẹran máa ń fọ́, àkísà àti ẹ̀tù a sì wọ inú rẹ̀ lọ. Èrò àwọn oníṣẹ́-abẹ ìgbà náà ni pé ẹ̀tù ní oró, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da òróró gbígbóná sí ojú ọgbẹ́. Ambroise Paré, ọ̀dọ́ oníṣẹ́-abẹ ará Faransé, wà lójú ogun ní agbègbè Turin ní ọdún 1537 nígbà tí òróró rẹ̀ tán, ó sì fi pupa ẹyin, òróró ròósì àti tápẹ́ńtáìnì pò ìpara dípò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara àwọn tí ó fi ìpara wò balẹ̀, ṣùgbọ́n ibà àti ìrora ni ó bá lára àwọn tí ó da òróró gbígbóná sí. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ní ọdún 1545, ìwé náà sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó mú kí ìtọ́jú ọgbẹ́ padà kúrò nínú iná. Èyí tí ó fẹ́ràn láti sọ ni pé òun di ọgbẹ́ náà, Ọlọ́run ni ó wò ó sàn.

Láti ara 'arquebuse', orúkọ ìbọn àtijọ́ kan, ni àwọn Faransé ti sọ omi oògùn kan lórúkọ, 'eau d'arquebusade', tí í ṣe ewé púpọ̀ tí a rẹ sínú ọtí tí a sì sè kí oje rẹ̀ jáde. 'Eau vulnéraire' ni orúkọ rẹ̀ kejì. Àwọn ará Swítsáláǹdì ní tiwọn a máa ká ewé orí òkè, wọn a gbẹ ẹ́, wọn a sì tà á fún àgbo mímu. Èdè Jámánì ní orúkọ kan fún irú àgbo yìí, 'Falltrank', tí a lè pè ní àgbo ìṣubú, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣubú láti ibi gíga ni wọ́n ń fún mu. Ibí yìí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò jù: ohun tí a ń mu sínú fún ọgbẹ́ òde ara. Oníṣègùn Yorùbá kan kò ní rí ohun tí ó burú nínú èrò pé inú ni a ti ń wo òde, ṣùgbọ́n ewé tí ó dára lójú ọgbẹ́ kò fi dandan dára nínú ẹ̀dọ̀, gẹ́gẹ́ bí a óò ṣe rí i láìpẹ́.

Àwọn kan tún lọ jìnnà ju èyí lọ. Ní ọdún 1658, Kenelm Digby, ọlọ́lá ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àlàyé tí ó ṣe ní ìlú Montpellier jáde nípa ìyẹ̀fun kan tí ó ní a kò gbọ́dọ̀ fi kan ọgbẹ́ rárá, pé aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ọlọ́gbẹ́ wà lára rẹ̀ ni kí a fi í sí. Ìpara mìíràn wà tí a ń fi pa idà tí ó dá ọgbẹ́ náà, tí a óò sì kàn fi omi fọ ọgbẹ́ fúnra rẹ̀ kí a dì í. Ó jọni lójú pé ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ rọrùn: ọgbẹ́ tí a fọ̀ tí a sì fi sílẹ̀ sàn ju èyí tí a fi ìgbẹ́ ẹran àti ọ̀rá ẹlẹ́gbin bò lọ.

Ìparí ògo ọ̀rọ̀ náà dé ní ọdún 1867, nígbà tí Joseph Lister tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa lílo ásíìdì kàbólíìkì láti pa kòkòrò àìfojúrí lójú ọgbẹ́. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí àwọn oníṣègùn ń bi oògùn ọgbẹ́ ti yí padà. Wọn kò béèrè mọ́ bóyá ó ń so ẹran pọ̀, wọ́n ń béèrè bóyá ó ń dènà kíkẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun sì gba ipò 'vulnerarius' lórí ìgò. Ewé kò kúrò nílẹ̀ ṣá o. 'Symphytum', tí ó ní èròjà tí a ń pè ní 'allantoin' tí ń ran ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì tuntun lọ́wọ́, ṣì wà nínú ìpara títí di òní, ṣùgbọ́n ó tún ní àwọn èròjà tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí a bá mu ún. Ní ọdún 2001 ni àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn tí ń fi í ṣe oògùn jíjẹ kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ.

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yóò fi túmọ̀ rẹ̀

Ewé tí ọ̀rọ̀ Látìnì yìí bá mu pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Yúnyun, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní 'Aspilia africana', jẹ́ ewé tí a ń rún láti fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Imí eṣú, 'Ageratum conyzoides', náà ń lọ sí ojú ọgbẹ́. Èyí tí ó yani lẹ́nu ni 'Chromolaena odorata', ewé tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá tí ó sì gba oko kan, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní ewé Awólọ́wọ́. Àgbẹ̀ tí ó ń bínú sí i ní ìgbà ìroko náà ni yóò já a ní kíá bí àdá bá gé e lẹ́sẹ̀, tí yóò fún omi rẹ̀ sí i. Ní Vietnam, wọ́n ti fi ewé yìí kan náà ṣe ìpara ọgbẹ́ àti ti iná tí ń jẹ́ Eupolin. Kò pẹ́ rárá tí ewé náà dé ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ìlò rẹ̀ fún ọgbẹ́ ti kárí.

Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo tí ó bo ibi tí 'vulnerarius' bò, kò sì nílò rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó fi ń tẹ̀ lé ọgbẹ́ ní ipele kọ̀ọ̀kan: ẹ̀jẹ̀ á dá, ẹran á hù, ojú ọgbẹ́ á pa dé, á sì jinná. 'Jinná' yìí ni a tún ń lò fún iṣu orí iná tí ó ti tó jẹ, èyí tí ó fi hàn pé lójú Yorùbá, ọgbẹ́ tí ó sàn jẹ́ ohun tí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. Ìpín tí Galen ṣe fún oògùn ọgbẹ́ wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wọ̀nyí pátápátá, láìsí orúkọ Gíríìkì kankan.

Síbẹ̀ atúmọ̀ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ewéko yóò nílò ọ̀rọ̀ tí yóò kọ. 'Oògùn ọgbẹ́' ni ó yẹ kí ó kọ fún ohun tí a fi ń wò ó, 'ewé ọgbẹ́' fún ewé náà, àti 'oníṣègùn ọgbẹ́' fún ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìhun 'àgbo ibà' ni gbogbo wọn tẹ̀ lé, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n gbọ́. 'Ọlọ́gbẹ́' kò ṣeé lò, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ni ó sún mọ́ ìhun Látìnì jù. 'Oògùn egbò', tí àwọn atúmọ̀ lè fẹ́ràn nítorí pé ó yá lẹ́nu, kò tọ̀nà fún 'vulnerarius'; kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ohun tí a fi ń wo 'ulcus'.